Kí A Tó Gbé Ọmọ Lé Olùyọ̀ǹda Lọ́wọ́

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin àgbà tí ẹ gbé ètò yìí kalẹ̀, ẹ̀yin aṣojú ìjọ àti mọ́ṣáláṣí, ẹ̀yin ọ̀gá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ fẹ́ máa fi ìrọ̀lẹ́ yín kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìwé kíkà láìgba kọ́bọ̀. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ irú àwọn olùyọ̀ǹda bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wa dá lé lórí lónìí, pàápàá àwọn tó máa kọ́ ọmọ ọdún 8 sí 11 ní Yorùbá kíkà, ọmọ tó ti wà ní pírámárì 3 sí 5 àmọ́ tí kò tíì lè ka gbólóhùn kan délẹ̀.

Ìmọ̀ràn kan ṣoṣo ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ rọ̀ mọ́. Ẹ mú ìrọ̀lẹ́ àkọ́kọ́ tí olùyọ̀ǹda àti ọmọ máa jọ jókòó, ẹ gbé e síwájú yín, kí ẹ wá máa ti ibẹ̀ ṣètò bọ̀ sẹ́yìn. Ohun tó máa fi ẹnu sọ àti ohun tó máa fi ọwọ́ ṣe ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni kí ẹ kọ́ ọ. Ohunkóhun tí kò bá sí nínú ìrọ̀lẹ́ yẹn, ẹ jẹ́ kó ṣì dúró ná.

Ẹ wo bí a ṣe sábà máa ń ṣe é. A gba gbọ̀ngàn, a ní aago 9 la máa bẹ̀rẹ̀, aago 10 á kọjá kí alága tó jókòó. Àdúrà, ọ̀rọ̀ ìkínni láti ẹnu èèyàn mẹ́rin, lẹ́yìn náà ọ̀mọ̀wé kan á sọ̀rọ̀ fún wákàtí méjì lórí ìtàn ètò ẹ̀kọ́ àti bí ọpọlọ ọmọdé ṣe ń ṣiṣẹ́. Òótọ́ ni gbogbo ohun tó sọ. Ó kan oúnjẹ, ó kan fọ́tò, a pín ìwé ẹ̀rí, oníkálukú gba ilé lọ. Tó bá di ọjọ́ Ajé, olùyọ̀ǹda á jókòó síwájú ọmọbìnrin ọmọ ọdún 9 kan tó dorí kodò, kò sì ní mọ gbólóhùn àkọ́kọ́ tó yẹ kó ti ẹnu òun jáde. Á ṣí ìwé, á ní, "Ó yá, máa kà á." Ọmọ ò lè kà á. Olùkọ́ á wá kà á fún un, ọmọ á máa tẹ̀ lé e bí odídẹrẹ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Èrò tèmi ni pé àìsí owó kọ́ ló ń lé ọ̀pọ̀ olùyọ̀ǹda lọ. Ẹni tó bá jókòó ti ọmọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí kò rí i kí ọmọ náà sún síwájú, ojú á máa tì í. Á kọ́kọ́ máa pẹ́ dé, á bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwáwí, nígbà tó bá yá kò ní yọjú mọ́. A ó wá máa sọ pé àwọn ọ̀dọ́ òde òní ò ní ìfaradà. Àwa la ò kọ́ ọ níṣẹ́.

Kí ẹ tó kọ ètò kankan sílẹ̀, ẹ mọ irú ẹni tó ń bọ̀. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì á wá, ó sì mọ iṣẹ́, àmọ́ iṣẹ́ tó mọ̀ ni kí ọmọ 50 máa dáhùn pa pọ̀. Ọmọ tí kò mọ̀ ọ́n máa ń fara pa mọ́ sínú ariwo bẹ́ẹ̀. Irú olùkọ́ yìí nílò kí a ràn án lọ́wọ́ láti fetí sí ẹnu ọmọ kan lẹ́ẹ̀kan. Àgùnbánirọ̀ tó wá láti Ẹ́núgù tàbí Bẹ́núé á wá, ó lè kọ́ ìṣirò dáadáa, ó sì lè kọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ má tì í sí Yorùbá kíkà kí ọmọ má baà fi ohùn rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Àwọn tó pọ̀ jù ni ọ̀dọ́ tó ń sọ Yorùbá láti ilé àmọ́ tí ẹnikẹ́ni ò fi àmì ohùn hàn rí. Wọ́n lè ka ìwé ìròyìn Yorùbá pẹ̀lú ìnira díẹ̀, ṣùgbọ́n tí ẹ bá ní kí wọ́n kọ "ẹ̀kọ" sílẹ̀, "eko" lẹ máa rí, torí bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ lórí fóònù nìyẹn.

Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá ń gba orúkọ, ẹ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ìṣẹ́jú 15. Kó ka àyọkà bí ọ̀rọ̀ 60 tó ní àmì ohùn sókè, kí ẹ sì pe ọ̀rọ̀ 10 fún un kó kọ wọ́n. Ẹ má ka èsì rẹ̀ sétí ẹnikẹ́ni. Èsì yẹn ló máa sọ fún yín bóyá wákàtí kan lẹ máa lò lórí àmì ohùn tàbí méjì, òun náà ló sì máa sọ ẹni tó máa jókòó ti ta ni.

Ní ti iye èèyàn, 24 ni kí ẹ má kọjá nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan, pẹ̀lú olùdánilẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin, ẹnì kan fún mẹ́fà-mẹ́fà. Tí èèyàn 60 bá forúkọ sílẹ̀, ẹ ṣe é nígbà mẹ́ta. Tí ẹ bá kó gbogbo wọn sínú gbọ̀ngàn kan, ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan lẹ máa lè fún wọn, nítorí kò sí bí ẹnì kan ṣe lè wo èèyàn 60 bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́. Sátidé méjì tó tẹ̀ léra, láti aago 9 sí aago 3, ti tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé lẹ́yìn Sátidé kejì, kí olùyọ̀ǹda ti wà níwájú ọmọ. Ẹni tí ẹ dá lẹ́kọ̀ọ́ lóṣù keje tó jẹ́ pé ìgbà tí ilé-ìwé bá wọlé lóṣù kẹsàn-án ló máa bẹ̀rẹ̀, ẹ máa tún un kọ́ ni.

Àwọn kan lè máa rò ó pé ọjọ́ méjì kéré. Ẹ jẹ́ ká wo ibi méjì tí iṣẹ́ yìí ti ṣẹlẹ̀ rí. Ní ọdún 1961, orílẹ̀-èdè Cuba rán nǹkan bí ọ̀dọ́ 100,000 lọ sí àwọn abúlé láti kọ́ àgbàlagbà ní mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ò tíì pé ọmọ ogún ọdún. Varadero létí òkun ni wọ́n kó wọn lọ fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí kò ju ọjọ́ mélòó kan lọ. Wọ́n fún olùkọ́ ní ìwé tó ń tọ́ ọ sọ́nà, wọ́n fún un ní ìwé tí akẹ́kọ̀ọ́ máa lò, wọ́n sì fún un ní fìtílà, nítorí alẹ́ lẹ́yìn oko ni àgbẹ̀ ń ráyè. Kí ọdún yẹn tó parí, ó lé ní 700,000 àgbàlagbà tí wọ́n kà mọ́ àwọn tó ti mọ̀wé. Ọjọ́ mélòó kan yẹn nìkan kọ́ ló ṣe iṣẹ́ náà o. Àwọn olùkọ́ tó mọṣẹ́ ń tẹ̀ lé àwọn ọ̀dọ́ náà káàkiri gẹ́gẹ́ bí olùdámọ̀ràn, ìdánwò mẹ́ta sì wà lójú ọ̀nà: ọ̀kan níbẹ̀rẹ̀, ọ̀kan láàrin, ọ̀kan nígbẹ̀yìn. Ara ìdánwò ìgbẹ̀yìn ni pé kí akẹ́kọ̀ọ́ fọwọ́ ara rẹ̀ kọ lẹ́tà sí Fidel Castro.

Ibi kejì ni Jaunpur ní Íńdíà. Ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Pratham, tó bẹ̀rẹ̀ ní Mumbai ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, kọ́ àwọn ọ̀dọ́ abúlé fún ọjọ́ mẹ́rin péré, wọ́n sì fi oṣù méjì sí mẹ́ta kọ́ ọmọ ní ìwé kíkà. Àwọn olùṣèwádìí, tí Abhijit Banerjee àti Esther Duflo tó gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2019 wà lára wọn, yẹ iṣẹ́ náà wò. Àwọn ọmọ tó wá sí kíláàsì náà sún síwájú gan-an. Ibi tó kù sí ni pé ọmọ tó wá kéré púpọ̀ sí iye àwọn tí kò mọ̀wé lábúlé. Mo mú èyí wá nítorí pé a máa ń kọ́ olùyọ̀ǹda bí a ṣe ń kọ́ni, a sì máa ń gbàgbé láti kọ́ ọ bí a ṣe ń lọ bá ìyá ọmọ nídìí àtẹ, bí a ṣe ń kí i, àti ohun tí a ń sọ tó bá ní, "Gẹ̀ẹ́sì ni mo fẹ́ kí ọmọ mi mọ̀, kí ló fẹ́ fi Yorùbá ṣe?" Ìdáhùn gbọ́dọ̀ ti wà lẹ́nu olùyọ̀ǹda kó tó kúrò lọ́dọ̀ yín: "Màámi, ọmọ tó bá ti mọ bí lẹ́tà ṣe ń di ọ̀rọ̀ nínú èdè tó gbọ́, ó rọrùn fún un láti ṣe bẹ́ẹ̀ nínú Gẹ̀ẹ́sì." Ètò tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1970, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ ọmọ fún gbogbo ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́, ti fi hàn pé àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ kò gbẹ́yìn nínú ẹ̀kọ́, títí kan Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wọ inú Sátidé àkọ́kọ́. Ààbò ọmọ ni kó ṣíwájú, láti aago 9 sí 9:30, nígbà tí ara ṣì yá. Tó bá jẹ́ ìparí ọjọ́ lẹ fi sí, ìkánjú ló máa gbé e lọ. Ohun tó yẹ kí ẹ sọ kò pọ̀, àmọ́ ẹ sọ ọ́ kó ṣe kedere: ojútáyé ni ẹ̀kọ́ ti ń wáyé, kì í ṣe inú yàrá tí a tì, àgbà méjì gbọ́dọ̀ wà nítòsí nígbà gbogbo, olùkọ́ kì í mú ọmọ lọ sílé rẹ̀, kì í fún un lówó, kì í yà á ní fọ́tò láìjẹ́ pé òbí fọwọ́ sí i, kò sí ẹgba, kò sí ìfọ́tí. Orúkọ ẹni kan pàtó tí wọ́n máa lọ bá tí ọmọ bá sọ ohun tó ń bani lẹ́rù gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yìí, nítorí náà ẹ má ṣe é bí ẹni ń bẹ̀bẹ̀. Kí ẹ sì ti bèèrè nípa olùyọ̀ǹda kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ èèyàn méjì tó mọ̀ ọ́n kó tó di ọjọ́ yìí.

Láti 9:30 sí 10:30, lẹ́tà àti ohùn ló kàn. Níbí ni àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù wà, ẹ jẹ́ ká tẹjú mọ́ ọn dáadáa. Ẹ kọ "b" sójú pátákó, ẹ bi àwọn olùyọ̀ǹda léèrè orúkọ rẹ̀. Gbogbo wọn á ní "bí." Ẹ kọ "a" tẹ̀ lé e. Ọmọ tí wọ́n ti fi "a, bí, dí, e, ẹ, fí" kọ́ á wò ó, á ní "bí-a." Ẹ bi í pé kí ni ìyẹn jẹ́, á ní "bía." Kò ṣi nǹkan kan ṣe, ohun tí a kọ́ ọ ló sọ. Orúkọ lẹ́tà yàtọ̀ sí ìró rẹ̀, ìró "b" nìkan kò sì ṣeé pè dáadáa láìsí fáwẹ̀lì lẹ́yìn rẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi dára kí a máa kọ́ Yorùbá ní sílébù-sílébù: ba, be, bẹ, bi, bo, bọ, bu. Fáwẹ̀lì méje náà kì í yí ìró padà láti ọ̀rọ̀ kan sí òmíràn bíi ti Gẹ̀ẹ́sì. Ọrọ̀ ńlá nìyẹn jẹ́ fún ẹni tó ń kọ́ ìwé kíkà, kí olùyọ̀ǹda sì mọ̀ pé ó wà lọ́wọ́ òun.

Ẹ má gbé kọ́ńsónáǹtì 18 lé wọn lórí lẹ́ẹ̀kan náà. Fún ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, mẹ́fà ti tó: m, b, l, t, k, d. Ẹ wo ohun tí ọmọ lè kà pẹ̀lú mẹ́fà yìí àti fáwẹ̀lì méje: àmàlà, ẹ̀bà, ẹ̀kọ, dòdò, ọbẹ̀, ata. Ọmọ tí ebi ń pa lẹ́yìn ilé-ìwé á ka ọ̀rọ̀ wọ̀nyí pẹ̀lú ẹ̀rín, kò sì sí èyí tí kò rí rí. "Gb" tó jẹ́ lẹ́tà méjì ìró kan, "p" tí ẹnu wa ń pè yàtọ̀ sí ti Gẹ̀ẹ́sì, àti s pẹ̀lú ṣ, ẹ jẹ́ kí wọ́n wá lẹ́yìn. Ní ti s àti ṣ, ẹ kíyè sí i pé àwọn olùyọ̀ǹda kan wà tí ẹ̀ka-èdè wọn ò ya méjèèjì sọ́tọ̀. Ẹ má fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ kàn jẹ́ kí wọ́n ṣe ìdánrawò rẹ̀ ṣáájú. Ohun kan tún wà tó máa ń da àgbà pàápàá láàmú: "an" àti "ọn" jẹ́ ìró kan náà, àmọ́ "ọn" la máa ń kọ lẹ́yìn b, f, gb, p àti w, bíi "ìbọn" àti "ìwọ̀n", tí a sì ń kọ "an" lẹ́yìn ọ̀pọ̀ àwọn yòókù, bíi "ìtàn" àti "ẹran". Tí olùkọ́ ò bá mọ̀ ọ́n, á máa fa igi lé ohun tí ọmọ kọ nígbà tí ọmọ gbà á.

Ní ti ohùn, dò-re-mí pẹ̀lú ọwọ́ ló dára jù. Ọwọ́ sísàlẹ̀ fún dò, ọwọ́ níwájú àyà fún re, ọwọ́ lókè fún mí. Kí olùdánilẹ́kọ̀ọ́ máa pe ọ̀rọ̀, kí gbogbo ilé máa fi ọwọ́ jùwe rẹ̀: igba tí a fi ń ka iye, re re, igbá tí a fi ń bu omi, re mí, ìgbà tó jẹ́ àkókò, dò dò, ìgbá tí a ń jẹ, dò mí, igbà tí a fi ń gun ọ̀pẹ, re dò. Ìṣẹ́jú 10 péré, ẹni tó ti ń bẹ̀rù àmì ohùn láti ilé-ìwé á rí i pé etí òun ti mọ gbogbo rẹ̀ tipẹ́. Ojú nìkan ni kò mọ̀ ọ́n. Àwọn kan gbà pé kí ọmọ kọ́kọ́ mọ̀wé kà ná kí àmì ohùn tó dé. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ọmọ tó bá bẹ̀rẹ̀ láìsí àmì á máa méfò, ìméfò sì ni àìsàn tí a wá wò.

Lẹ́yìn ìsinmi ìdajì wákàtí, kí olùdánilẹ́kọ̀ọ́ kan ṣe ẹ̀kọ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí àwọn olùyọ̀ǹda mélòó kan ṣe ọmọ. Bí wákàtí kan ti ìrọ̀lẹ́ ṣe máa rí ni pé olùkọ́ á ka ìtàn kúkúrú fún ọmọ mẹ́rin tàbí márùn-ún fún ìṣẹ́jú 10, kí wọ́n kàn gbádùn rẹ̀; ìṣẹ́jú 15 fún káàdì sílébù; ìṣẹ́jú 15 tí ọmọ kọ̀ọ̀kan á fi kà sókè; ìṣẹ́jú 15 fún kíkọ; ìṣẹ́jú 5 fún eré àti ó-dàbọ̀. Èyí tí ẹ máa ṣe ní gbọ̀ngàn lè jẹ́ ìdajì wákàtí, àmọ́ kó ní gbogbo ẹ̀yà rẹ̀.

Ibi tí gbogbo ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wà gan-an ni wákàtí kan ààbọ̀ tó tẹ̀ lé e. Ẹ pín èèyàn 24 sí ẹgbẹ́ mẹ́jọ, mẹ́ta-mẹ́ta. Ẹnì kan ṣe olùkọ́, ẹnì kan ṣe ọmọ, ẹnì kẹta ń wò. Ẹni tó ń ṣe ọmọ ní káàdì lọ́wọ́ tí olùkọ́ ò rí, tí a kọ ohun tó máa ṣe sí: "Wo àwòrán, kí o fi méfò ọ̀rọ̀ náà," tàbí "Dákẹ́, má sọ nǹkan kan," tàbí "Ka ẹ̀kọ bí ẹ̀kọ́." Ẹni tó ń wò ní ìbéèrè mẹ́rin péré lórí bébà: Ṣé olùkọ́ dúró kó tó sọ ìdáhùn? Ṣé ó fi ìka tọ́ ibi tí àṣìṣe wà? Ṣé ọmọ ló sọ̀rọ̀ jù àbí olùkọ́? Ṣé ó jẹ́ kí ọmọ tún ọ̀rọ̀ náà kà? Ìṣẹ́jú 7 fún ẹ̀kọ́, ìṣẹ́jú 4 fún ọ̀rọ̀, ìṣẹ́jú 4 fún títún un ṣe. Ìṣẹ́jú 15 nìyẹn fún ẹnì kan, 45 fún ẹgbẹ́. Tí wọ́n bá yí i lẹ́ẹ̀mejì, wákàtí kan ààbọ̀ ti lọ. Ẹ wá rí i pé tí ọ̀mọ̀wé bá ti fi wákàtí méjì sọ̀rọ̀ láàárọ̀, ìdánrawò ti kú nìyẹn.

Nínú ìṣẹ́jú 4 ti ọ̀rọ̀, ẹni tó ṣe olùkọ́ ni kó kọ́kọ́ sọ ohun tó rí. Lẹ́yìn náà kí olùdánilẹ́kọ̀ọ́ mú ohun kan ṣoṣo tí ó fẹ́ kó yí padà. Ẹ má ṣe ju ọ̀kan lọ. Ẹni tí ẹ bá ka àṣìṣe mẹ́fà fún, èyí tó dùn ún jù nìkan ló máa rántí. Ìṣẹ́jú 4 ti títún un ṣe sì ni ọ̀pọ̀ máa ń fò nítorí aago ti lọ. Ìpàdánù ńlá ni. Ìgbà tí èèyàn bá tún un ṣe lójú ẹsẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tó gbọ́ ń wọ ọwọ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo ọ̀kan nínú ìbéèrè mẹ́rin yẹn, ìyẹn dídúró. Ọmọ dé orí "ọbẹ̀", ó dákẹ́. Olùyọ̀ǹda tí a ò tíì kọ́ á ti sọ "ọbẹ̀!" kí ọmọ tó mí. Inú rere ló fi ṣe é, àmọ́ ó ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọmọ. Ẹ kọ́ ọ kó ka ení, èjì, ẹ̀ta nínú ọkàn rẹ̀ kó tó lanu. Tí ọmọ ò bá tíì sọ ọ́, kó fi ìka bo "bẹ̀", kó jẹ́ kí "ọ" nìkan yọ. Ọmọ á pè é. Kó ṣí "bẹ̀", kó fi ọwọ́ sísàlẹ̀ júwe dò. Ọ̀pọ̀ ìgbà ọmọ á ti so ó pọ̀. Tí kò bá so ó, kí olùkọ́ sọ ọ́, kí ọmọ tún un sọ, kó sì padà sí ìbẹ̀rẹ̀ gbólóhùn náà kó kà á délẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan wà tó gbọ́dọ̀ di èèwọ̀ nínú gbogbo èyí: "olódo". Ọmọ tí a ń kọ́ yìí ti gbọ́ ọ tó ní kíláàsì, nígbà míì láti ẹnu ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀. Tó bá tún gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó ní òun wá ràn án lọ́wọ́, kò ní padà wá lọ́la.

Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, àwọn olùyọ̀ǹda fúnra wọn ni kó ṣe káàdì wọn. Kọ́ńsónáǹtì mẹ́fà lọ́nà fáwẹ̀lì méje jẹ́ 42, ẹ fi fáwẹ̀lì méje náà kún un, ó di 49. Tí ẹ bá gé káàdìbọ́ọ̀dù A4 kan sí mẹ́jọ, méje á fún yín ní 56, kí wọ́n fi méje tó ṣẹ́ kù kọ odindi ọ̀rọ̀. Fún èèyàn 24, ẹ ra káàdìbọ́ọ̀dù 168, ẹ fi bíi 12 lé e fún àṣìṣe. Mo mọ̀ pé a lè tẹ̀ ẹ́ jáde. Ẹ má tẹ̀ ẹ́. Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ ni àmì abẹ́ ẹ àti ọ ṣe ń mọ́ wọn lára. Kí olùdánilẹ́kọ̀ọ́ máa yí ká, kó máa wo ẹni tí ẹ rẹ̀ kò ní àmì. Ẹ má sì gbé ètò yín lé ẹ̀rọ tó ń lo iná. Pátákó, ṣọ́ọ̀kì àti ohùn èèyàn kì í kú láàrin ọ̀rọ̀. Owó ọkọ̀ tí ẹ máa fún wọn, tàbí tí ẹ ò ní fún wọn, ẹ sọ ọ́ lọ́jọ́ tí ẹ ń gba orúkọ. Àìsọ ọ́ ń fa ìbínú ju àìsí rẹ̀ lọ.

Sátidé kejì, ọmọ gidi ló ń bọ̀. Wákàtí àkọ́kọ́ wà fún bí a ṣe ń mọ ibi tí ọmọ dé. Ìpele márùn-ún tí àwọn Pratham ń lò rọrùn: ẹni tí kò mọ lẹ́tà, ẹni tó mọ lẹ́tà, ẹni tó lè ka ọ̀rọ̀, ẹni tó lè ka ìpínrọ̀ kúkúrú, ẹni tó lè ka ìtàn. Inú ìpínrọ̀ la ti ń bẹ̀rẹ̀. Tí ọmọ bá kà á pẹ̀lú àṣìṣe tí kò ju mẹ́ta lọ, ẹ gbé ìtàn fún un. Tí kò bá lè kà á, ẹ sọ̀ kalẹ̀ sí ọ̀rọ̀: kó ka mẹ́rin nínú márùn-ún. Tí kò bá tún lè ṣe é, ẹ sọ̀ kalẹ̀ sí lẹ́tà, mẹ́rin nínú márùn-ún bákan náà. Fún ọmọ kan, kò yẹ kó kọjá ìṣẹ́jú 5. Ohun tó ń ba èsì jẹ́ ni pé olùkọ́ tí àánú ń ṣe á máa ṣẹ́jú, á máa fi ẹnu gbé ìró àkọ́kọ́. Ọmọ á wá bọ́ sí ìpele tí kò tíì tó, oṣù méjì á sì lọ lórí iṣẹ́ tó ju agbára rẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe ìdánrawò bí èèyàn ṣe ń dákẹ́ pẹ̀lú ojú tó dùn ún wò.

Ọmọ 12 ti tó. Ẹ ti gba ìyọ̀ǹda òbí wọn sílẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, ẹ ti sọ ẹni tó máa mú wọn wá àti ẹni tó máa mú wọn lọ. Olùyọ̀ǹda méjì fún ọmọ kan: ẹnì kan kọ́ ọ fún ìṣẹ́jú 15, èkejì ń wò pẹ̀lú bébà ìbéèrè mẹ́rin, wọ́n sì pààrọ̀. Ẹ fún àwọn ọmọ lóúnjẹ, kí wọ́n máa lọ, kí ìjíròrò tó bẹ̀rẹ̀. Kò yẹ kí a máa sọ̀rọ̀ ọmọ níṣojú rẹ̀. Nínú ìjíròrò yìí ni ẹ máa mọ olùyọ̀ǹda tí iṣẹ́ yìí ò tíì yẹ. Ẹ má tijú láti fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní iṣẹ́ mìíràn: rẹ́jísítà, ìwé kíkó, ìbẹ̀wò sọ́dọ̀ òbí. Gbogbo wọn ló wúlò.

Fọ́ọ̀mù tí a máa ń pín lẹ́yìn ìdánilẹ́kọ̀ọ́, tó ń béèrè bóyá ètò dùn, kò sọ nǹkan kan fún yín. Ohun tó máa sọ ọ́ ni ìbẹ̀wò ní ọ̀sẹ̀ kejì. Alábòójútó kan fún olùyọ̀ǹda mẹ́jọ: kó jókòó ṣẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fún ìṣẹ́jú 20, kó má dá sí i, kó fi bébà ìbéèrè mẹ́rin kan náà wò ó, kó fi ìṣẹ́jú 10 bá a sọ ohun kan. Tí mẹ́fà nínú mẹ́jọ bá ń sọ ìdáhùn fún ọmọ láìdúró, wọn ò jẹ̀bi. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yín ló yẹ kí ẹ tún ṣe. Kí ìpàdé oníṣẹ́jú 90 wà lóṣooṣù, kí ẹnì kan kọ́ni níbẹ̀, kí àwọn yòókù wò ó. Láàrin ìpàdé méjì, WhatsApp ti tó: kí olùyọ̀ǹda fi ohùn béèrè ìbéèrè, kí alábòójútó fi ohùn dáhùn lọ́jọ́ náà, láìdárúkọ ọmọ kankan. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, ẹ tún fi ìpele márùn-ún yẹn wo gbogbo ọmọ, kí ẹ sì fi èsì han ẹni tó kọ́ ọmọ náà ṣáájú ẹnikẹ́ni.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù, tí a kì í sábà fi sínú ètò. Àgùnbánirọ̀ á parí ọdún rẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ á padà sí yunifásítì, ọmọ á sì bá ẹlòmíràn níbi tí ẹni tó mọ̀ ń jókòó sí. Ẹ kọ́ olùyọ̀ǹda bó ṣe máa lọ láti ọjọ́ tó bá ti dé. Kó ní káàdì kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan: orúkọ, ìpele, sílébù tó ṣì ń ṣì í lọ́nà, ìtàn tó fẹ́ràn, bóyá ó máa ń tijú láti kà sókè níwájú ẹlòmíràn. Fún ìrọ̀lẹ́ méjì tó kẹ́yìn, kí òun àti ẹni tó ń bọ̀ jọ jókòó ti àwọn ọmọ náà: ní ìrọ̀lẹ́ kìíní òun ló ń kọ́ni, ní èkejì ẹni tuntun ló ń kọ́ni, òun sì ń wò. Kó fúnra rẹ̀ sọ fún ọmọ pé òun ń lọ, kó sì gbé káàdì náà lé ẹni tuntun lọ́wọ́ lójú ọmọ.